Níbo Ni Akàn Náà Lọ?

Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fún mi. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kékeré tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Bàrígà, sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí n tó rí àyè jókòó. Ó ní tí oṣù mẹ́ta náà bá pé, alábẹ̀wò ilé-ìwé yóò wá jókòó sí kíláàsì mi. Bí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo di olùkọ́ gidi nìyẹn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí n kó ẹrù mi padà sílé.

"Kí ni wọ́n máa ń wò jù, sà?" ni mo bi í.

"Ní kíláàsì kìíní? Wọ́n á wò bóyá àwọn ọmọ lè ka oókan dé ogún, bóyá ara wọn mọ́, àti bóyá wọ́n lè kọrin. Ìmọ́tótó ló le jù. Orin ò le rárá. Wọ́n ti mọ orin kí wọ́n tó délé-ìwé. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí orin."

Ilé tí wọ́n ní kí n kó ẹrù padà sí yẹn, ìlú òkè ni, láàárín oko kòkó, níbi tí kò sí omi kan tó ju odò tí èèyàn lè fò kọjá. Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n pa ewúrẹ́ fún mi, àlùfáà ìjọ wa gbàdúrà lé mi lórí, ìyá mi sì sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun fẹ́ lọ máa kọ́ni l'Ékòó. Mo fẹ́ kó yé yín dáadáa pé ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ẹ̀rù ebi. Ẹ̀rù ojú ni: ojú ìyá mi nígbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí mi, ojú àwọn tó jẹ ewúrẹ́ náà, àti ojú èmi fúnra mi nínú dígí. Kí agogo àkọ́kọ́ tó lù, mo ti ro gbogbo ojú wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì láìkọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. A máa ń kọ ohun tí a fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, ohun èlò tí a máa lò, ìbéèrè tí a máa bi wọ́n, àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa rí mú lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà á fọwọ́ sí i. Èmi fẹ́ràn ìlà tó wà nísàlẹ̀ yẹn jù. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n máa ń yìn mí lórí rẹ̀. Mo lè rí ẹ̀kọ́ fà yọ nínú ìgò òfìfo.

Ọmọ bí ogójì ló wà ní kíláàsì mi. Àwọn kan wá láti àdúgbò Ladi-Lak, àwọn kan jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ọmọ àwọn apẹja Ìlàjẹ tó ń gbé létí ọ̀sà. Orin kan sì wà tí gbogbo wọn mọ̀. Bí wọ́n bá ti jáde fún ìsinmi, wọ́n á lóṣòó yípo lórí yanrìn, wọ́n á da àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì délẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀:

Akàn lọ, akàn ò dé,
Ta ló bá mi rí i?
Ó dé fìlà, ó gbàgbé bàtà,
Ta ló bá mi rí i?
Ọmọ rẹ̀ ń sùn, ilé ń jò,
Akàn, rọra máa bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá ti bọ́ lẹ́nu wọn, gbogbo wọn á yí ọwọ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà kí àtẹ́lẹwọ́ lè kọjú sókè. Ẹni tó bá kẹ́yìn, wọ́n á ní, "O ti di èédú," á sì kúrò láàárín wọn. Ọmọbìnrin kékeré kan wà tó ń jẹ́ Táyọ̀, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, kì í sì í di èédú. Òun náà ló máa ń dá orin.

Mo pinnu pé orin yìí ni a máa kọ fún alábẹ̀wò. Mo ṣí ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi, mo kọ orin náà síbẹ̀, mo kọ pé ohun èlò tí a máa lò ni ọwọ́. Ìgbà tí mo dé ìlà ìsàlẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa rí mú lọ sílé, bírò mi dúró.

Kí tiẹ̀ ni orin yìí ń sọ? Níbo ni akàn náà lọ? Ta ni ẹni tó ń wá a? Ẹni yẹn mọ̀ pé ọmọ ń sùn, ó mọ̀ pé ilé ń jò, a jẹ́ pé inú ilé náà ló wà. Kí ló dé tí kò gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò? Akàn sì rèé, inú omi ló ń gbé. Kí ni òjò fẹ́ fi í ṣe? Bàtà tó gbàgbé, mélòó ni? Mo lọ gba akàn kan lọ́wọ́ apẹja lẹ́nu omi kí n lè ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ńlá méjì wà níwájú tí n kò mọ̀ bóyá kí n kà mọ́ ọn. Ibi tí mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ló ti gé mi jẹ ní ìka. Èyí tó wá ń dà mí láàmú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìlà tó kẹ́yìn. Bí ọmọ bá ń sùn nínú ilé tó ń jò, ṣé "rọra máa bọ̀" ló yẹ kí èèyàn sọ fún òbí rẹ̀ ni? Ṣebí "tètè máa bọ̀" ló yẹ.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ Bàbá Sàlámì lọ. Òun ló ni ilé tí mo gba yàrá sí ní Ṣómólú, àgbàlagbà onílẹ̀ tí kì í kánjú dáhùn ohunkóhun. Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, akàn tó lọ tí kò dé, níbo lẹ rò pé ó lọ?"

"Ta ní ń jẹ́ Akàn?"

Mo kọ orin náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó dé fìlà, àbí? Ìgbéyàwó ló lọ. Èèyàn kì í dára tó bẹ́ẹ̀ lọ sóko."

"Ṣùgbọ́n kò wọ bàtà, sà."

"Mọ́sálásí ni wọ́n ti fẹ́ so yìgì. Wọ́n á kúkú ní kó bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà."

"Ọmọ rẹ̀ ńkọ́, sà, tó fi sílẹ̀ nínú ilé tó ń jò?"

Bàbá Sàlámì yíjú sí mi tààrà. "Tíṣà, ṣé yàrá rẹ ló ń jò? Bó bá jẹ́ yàrá rẹ ló ń jò, sọ ọ́ fún mi. Má fi akàn bò ó mọ́lẹ̀."

Mo búra fún un pé yàrá mi kò jò. Ó bi mí ibi tí akàn tí mo gbà wà. Mo gbé e fún un, wọ́n sì fi se ọbẹ̀.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́, mo fúnra mi rí ìtumọ̀ kan. Mo kọ ọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára: akàn yìí jẹ́ òbí aláìbìkítà tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ ṣe fàájì, orin náà sì ń kìlọ̀ fún wa. Ara mi balẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá rí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń wá. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé fọwọ́ sí i láìkà á, mo sì wọ kíláàsì lọ.

Mo kọ́ wọn fún odindi ìdajì wákàtí. Mo ya akàn sójú pátákó, mo ya ilé, mo ya òjò tó ń gba òrùlé wọlé, mo sì ya ọmọ akàn tó sùn. Mo ní kí wọ́n wo ọmọ náà dáadáa. Mo bi wọ́n bó ṣe máa rí lára rẹ̀ nígbà tó bá jí tí kò bá ẹnì kankan. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Inú mi ń dùn. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń wọlé.

Táyọ̀ nawọ́ sókè. "Tíṣà, ṣé akàn ti kú ni?"

Mo lè sọ pé rárá. Títí dòní, n kò mọ ìdí tí n kò fi sọ pé rárá. Mo rò pé òótọ́ ni olùkọ́ gbọdọ̀ máa sọ, orin náà kò sì sọ ọ́. Ni mo bá dá a lóhùn pé, "A kò mọ̀."

Táyọ̀ bú sẹ́kún. Ẹni tó jókòó tì í gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, títí ó fi kan ọmọkùnrin kan lẹ́yìn tó ń ké láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kọrin mọ́. Mo dá orin, kò sẹ́ni tó gbè é. Nígbà ìsinmi, wọ́n ń fo okùn. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí alábẹ̀wò dé. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dé tí kíláàsì kìíní dákẹ́ báyìí? Ṣé wọ́n ń sùn ni?"

"Wọ́n ń ronú, sà."

"Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ta ló fún wọn níṣẹ́ yẹn?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi fún yín. Kì í ṣe pé mo mọ̀ pé mo ti ṣe àṣìṣe nìkan. Àṣìṣe náà jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí ló jẹ́ kó dùn mí gan-an.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, obìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí. Táyọ̀ di ìdí ìró rẹ̀ mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni tíṣà akàn?"

Mo ní èmi ni.

"Èmi ni ìyá Táyọ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò lè gbé ẹja lọ sọ́jà. Bí mo bá ti gbé agbọ̀n, ó dì mọ́ mi. Ó ní tí òun bá sùn, ilé á jò, mi ò sì ní dé mọ́. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní tíṣà ló yà á sójú pátákó."

"Ẹ má bínú, mà. Mò ń wá ìtumọ̀ orin náà ni."

"Ìtumọ̀ orin akàn?" Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ kó lè wò mí dáadáa. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín ti fẹ́ já a gbà. "Ìyá mi ló kọ́ àwọn ọmọ yìí lórin yẹn. Ẹ wá bá wọn lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ò lè fẹnu mi sọ ọ́ fún wọn pé ẹnì kan ń wá ìtumọ̀ ẹ̀."

Mo lọ. Mo wọ kóòtù mi, nítorí mo rò pé ó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún ìwádìí náà. Ilé wọn wà lórí òpó igi létí ọ̀sà, lẹ́yìn ilé náà sì ni ààrò amọ̀ ńlá mẹ́ta wà, tí wọ́n tẹ́ wáyà lé lórí. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì, ìyá Táyọ̀ wà lára wọn, èéfín bò wọ́n, wọ́n ń to ẹja ṣàwá sórí wáyà ní ìlà-ìlà. Èdè Ìlàjẹ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà fi ti Èkó dá mi lóhùn.

"Ìwọ ni o ní akàn kú?"

"N kò sọ pé ó kú, mà. Mo ní a kò mọ̀."

"Ìyẹn ló burú jù. Jókòó. Má sọ̀rọ̀. Máa wò."

Iná náà le. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn méjì yòókù sì ń gbè é: akàn lọ, akàn ò dé. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n tún kọ ọ́. Mo ń kà á lórí ìka mi. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹfà, bí wọ́n ti pe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ọwọ́ mẹ́fà bọ́ sórí wáyà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì yí gbogbo ẹja padà, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan. Abẹ́ ẹja náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀kankan nínú wọn kò jóná.

Ìgbà náà ni mo rántí ọwọ́ àwọn ọmọ lórí yanrìn. Mo ti wo ọwọ́ yẹn fún oṣù méjì. Mo tiẹ̀ kọ "ọwọ́" sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi. Mo bi orin náà ní gbogbo ìbéèrè tó wà láyé, n kò bi ara mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni ọwọ́ ń ṣe.

"Aago yín ni orin yìí," ni mo sọ.

"A ní kí awọ ẹja kọ́kọ́ gan lórí iná tó le, ká tó dín iná kù kí èéfín máa ṣe é lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, o yí i. Àwọn ọmọ ò ní sùúrù ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Fìlà ńkọ́, mà? Bàtà ńkọ́?"

Àwọn obìnrin méjì náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi kì í fi fìlà sí i. Tiwọn ni pé ó gbé àjẹ̀, ó gbàgbé ọkọ̀. Èmi ni mo fi fìlà àti bàtà sí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Akọ̀wé kan ló wá sí ìlú wa, ó dé fìlà ńlá, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹrọ̀fọ̀ sì gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

"Nígbà náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè yí padà?"

"Ọ̀rọ̀ lè yí padà. Gígùn rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yí padà."

Ó na ọwọ́ sí ààrò kẹta, ó ní kí n bọ́ kóòtù, kí n wá yí ẹja wò. Mo bẹ̀rẹ̀ orin. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, ara mi ti ń balẹ̀. Ìgbà tí mo dé "rọra máa bọ̀" lẹ́ẹ̀kẹfà, ìbéèrè yẹn tún gbé mi. Mo dúró.

"Mà, kí ló dé tó fi jẹ́ rọra?"

"Yí ẹja."

"Ọmọ wà nínú ilé, òjò ń rọ̀..."

"Tíṣà, yí ẹja."

Mo yí i. Ìlà méjì ti di dúdú kirikiri. Ìyá Táyọ̀ mú ọ̀kan lára wọn, ó kàn án mọ́ àgbá omi, ó sì dún bí igi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé bí ẹ̀bẹ̀ náà ṣe ti inú ọkàn mi wá, títí ìyá àgbà fi gbọ́wọ́ sókè.

"Ó ti tó. Màá dá ọ lóhùn, kó o má baà jó èyí tó kù. Bí a bá ní kí akàn tètè bọ̀, àwa náà á máa tètè kọ ọ́. Orin á yára, a ó yí ẹja kó tó gan, awọ á bó. A ní kó rọra kí àwa lè rọra."

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé omi bọ́ lójú mi. Èéfín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èéfín nìkan. Gbogbo ènìyàn ti ń sọ fún mi pé ìbéèrè mi kò ní ìdáhùn, ọ̀kan sì ní.

Lọ́jọ́ Ajé, n kò ya nǹkan kan sójú pátákó. Mo kó kíláàsì jáde sórí yanrìn, mo lóṣòó, mo da ọwọ́ délẹ̀, mo sì dá orin. Kò sẹ́ni tó gbè é. Mo kọ ọ́ tán, mo tún un kọ. N kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ní ìlà ìkẹyìn, mo gbọ́ ohùn kan lápá ọ̀tún mi. Mo yí ọwọ́ mi padà, ọwọ́ kékeré méjì sì ti kọjú sókè ṣáájú tèmi.

"Tíṣà ti di èédú," ni Táyọ̀ wí. Ó tún sọ pé, "Màmá àgbà ní ẹ ti mọ èédú dáadáa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún mọ́ wa ní méjì-méjì. Mo di èédú nígbà mẹ́sàn-án kí agogo tó lù.

Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ tó yẹ kó dé. Ọkùnrin gíga kan ni, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ ka oókan dé ogún; ẹnì kan fo mẹ́rìnlá, wọ́n sì padà lọ mú un. Ó wo èékánná wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọrin. Wọ́n kọ ọ́ débi pé Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé jáde nínú ọ́fíìsì rẹ̀ wá wò wọ́n. Ogójì ọmọ yí ọwọ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn ọmọ, ó ní, "Orin yẹn dára. Níbo ni akàn náà lọ?"

Kíláàsì dákẹ́, mo sì mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Gbogbo ojú tí mo ti rò láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló padà wá, ti ìyá mi níwájú.

Táyọ̀ nawọ́ sókè. "Sà, ẹ má dúró ronú níbẹ̀. Tíṣà wa dúró níbẹ̀, ẹja sì di èédú."

"Ẹja wo?" Alábẹ̀wò kọjú sí mi.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀ fún ọkùnrin yìí. Mo pa gbogbo rẹ̀ tì. Mo kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un: ààrò, iná, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ìlà ẹja méjì tí mo bà jẹ́, àti ìdí tí akàn fi gbọdọ̀ rọra bọ̀. Ó yọ aago rẹ̀ nínú àpò. Ó ní kí ìdajì kíláàsì kọ ọ́, ó wo aago. Ó ní kí ìdajì kejì kọ ọ́, ó tún wo aago. Ó wò ó pẹ́: bákan náà ni gígùn méjèèjì. Ó kọ̀wé, ó pa ìwé náà dé, ó kí àwọn ọmọ, ó sì lọ.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé pè mí sí ọ́fíìsì, ó sì nà án sí mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ olùkọ́, pé orin kíláàsì mi dára púpọ̀. Ìlà kan tún wà nísàlẹ̀: kí olùkọ́ yìí dín ìbéèrè rẹ̀ kù.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ayọ̀ ti gba gbogbo ara mi, síbẹ̀ n kò lè jáde láìsọ ọ́.

"Sà, ìbéèrè wo gan-an ni wọ́n ní kí n dín kù?"

Ó wò mí láti orí gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹn," ló wí.